Ọyẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀: báwo ni ẹ ṣe ń to iṣẹ́ òòjọ́ nínú oko kékeré?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Àìkú, 8:15 alẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Mo ní oko kékeré kan lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, tí kò ju éékà mẹ́ta lọ. Igi kajú méjìlélógójì wà nínú rẹ̀, àádọ́ta adìyẹ tó ń yé ẹyin, ewúrẹ́ méje, ebè iṣu díẹ̀ tí a gbìn ní oṣù Ọ̀pẹ, àti ẹ̀fọ́ tí a gbìn sí àkùrọ̀ nísàlẹ̀ oko. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, nítorí náà ọmọ ilé-ìwé ni mo ṣì jẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ohun tó gbé mi wá ni pé ọyẹ́ ọdún yìí kò dúró sójú kan rárá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú tó kọjá, kùrukùru bo ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí igi emi tó wà ní ìkángun oko mi, ètè àwọn ọmọ là, gbogbo wa sì di ẹni tó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń kun ilé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, afẹ́fẹ́ yí padà, ooru tó ń mú aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára dé, ìrì sẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òjò sì rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà fún bí ogún ìṣẹ́jú, nínú oṣù Ṣẹẹrẹ! Gbodo, ìyẹn iṣu tí a ń sá gbẹ fún èlùbọ́, tí ìyàwó mi sá sórí àpáta, tó ku ọjọ́ kan péré kó gbẹ, ti rin gbingbin kí àwọn ọmọ tó sáré dé ibẹ̀. Lónìí, ọyẹ́ ti padà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mẹ́rin nínú àwọn adìyẹ ti ń wúkọ́.

Ìbéèrè mi kì í ṣe ti oògùn nìkan. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń mọ ohun tí ẹ ó ṣe ní òwúrọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ń yí báyìí: kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí ni ẹ sì máa ń fi sílẹ̀ di ọ̀la?

Bàbá Ọ̀nà Ìsẹ́yìn (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Àìkú, 9:02 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú àdánù. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dáko lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, n kò sì tíì rí ọdún kan tí ọyẹ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfà sẹ́yìn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé láti ìparí oṣù Bélú títí di oṣù Èrèlé ni ọyẹ́ fi ń mú kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ó lè mú fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fà sẹ́yìn, kí ooru gba ipò rẹ̀, kí ó sì tún padà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà rẹ̀ sílé àna.

Nítorí náà, n kì í to iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀ lálẹ́ nínú àsìkò yìí. Bí mo bá jí ní nǹkan bí agogo márùn-ún, mo máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rin inú koríko ẹ̀yìn ilé. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbẹ, ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀; bí ìrì bá rin ín, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun wá ti dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń wo èéfín iná tí ìyàwó mi dá láti fi gbé omi kaná. Bí èéfín bá kọrí sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọyẹ́ ló ń tì í. Bí ó bá kọrí sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ooru ń bọ̀, n kò sì ní sá ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Bí èéfín bá dúró gangan tí kò mọ ibi tó ń lọ, èmi náà á jókòó, n ó jẹ ẹ̀kọ mi ná.

Ọjọ́ ọyẹ́ ni mo máa ń fi ro oko, nítorí pé koríko tí o bá fi ọkọ́ hú lọ́jọ́ náà kì í tún sọjí. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbẹ. Ọjọ́ ooru ni mo máa ń fi ṣe iṣẹ́ abẹ́ òrùlé àti iṣẹ́ abẹ́ igi: títún ilé adìyẹ ṣe, pípọ́n ọkọ́ àti àdá, títo iṣu inú ọgbà láti mú èyí tó ti ń rà kúrò. Mo sì fẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún ọ. Má ṣe jẹ́ kí òjò ogún ìṣẹ́jú yẹn tàn ọ́ láti gbin àgbàdo. Ó di ìparí oṣù Ẹrẹ́nà tàbí inú oṣù Igbe kí òjò tó fìdí múlẹ̀ ní agbègbè wa, ohun tí o bá sì gbìn ní báyìí, ẹyẹ ni yóò jẹ díẹ̀, oòrùn ni yóò jẹ ìyókù.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣeun gidigidi, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, inú Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni èmi wà. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni kí èéfín tèmi kọrí sí?

Bàbá Ọ̀nà Ìsẹ́yìn (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́

O pa mí lẹ́rìn-ín. Tìrẹ ni kí o fi ọ̀nà Ìlọrin àti ọ̀nà Ọ̀yọ́ wò. Èéfín tó bá kọrí sí ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ti ọyẹ́ ni. Èyí tó bá kọrí sí Ìlọrin, kó gbodo rẹ wọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀ àti Ojú Ọjọ́ (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Àìkú, 10:10 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ gbe Bàbá lẹ́sẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń fi èéfín wò náà ni wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ojú ọ̀run wa. Èyí tí à ń pè ní ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn bọ̀ láti orí aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ń ru eruku. Púpọ̀ nínú eruku náà ń ti Bodélé wá, ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ kan tó ti gbẹ ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá pẹ̀lú agbára. Èkejì ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń gbé ọ̀rinrin wá.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún nítòsí etí òkun ló máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń jọba lórí wa. Ṣùgbọ́n bí agbára ọyẹ́ bá dín kù fún ọjọ́ díẹ̀, ibi ìpàdé náà yóò gòkè wá, kùrukùru yóò ká, ooru yóò mú, òjò kékeré sì lè rọ̀ bí ti ọjọ́ Ẹtì. Àjọ NiMet, tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ ojú ọjọ́, máa ń kéde lójoojúmọ́ bí kùrukùru eruku yóò ṣe rí, ẹ sì lè fi ìkéde náà kún èéfín àti ìrì. Mo ti fi méjèèjì wé ara wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí n má parọ́, koríko ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà mi kò tíì ṣi mí lọ́nà.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Gbodo ni iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó dúró sí. Ní ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ẹni tó bá ba gbodo jẹ́ kò ní àwáwí.

Kí ìyàwó yín kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ó sì ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tó ń rùn kíkan, tàbí tó ti bu tí àwọ̀ ewé tàbí dúdú ti yọ lára rẹ̀, kí ó sọ ọ́ nù. Kí ó má ṣe fún ewúrẹ́ tàbí adìyẹ pàápàá. Mo mọ̀ pé ó dunni, nítorí owó iṣu kò kéré, àwọn mìíràn a sì máa fọ̀ ọ́, wọn a tún un sá, wọn a lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára. Ìwà tí n kò lè fara mọ́ nìyẹn. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin máa ń wà lára ohun tó bá bu, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń bà jẹ́, omi gbígbóná tí a fi ń ro àmàlà kò sì lè pa á.

Èyí tó rin lásán tí kò yọ̀, kí ó ṣẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì gbẹ, òde nìkan ni omi dé, ọjọ́ ọyẹ́ méjì tó dára yóò tún un ṣe. Kí ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan má gun orí èkejì, kí ó sì máa yí i padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ó kó o wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ mọ́jú lórí àpáta nígbà ọyẹ́ nítorí pé ìrì kì í sẹ̀; èmi náà ń ṣe é tẹ́lẹ̀, títí di òru kan tí afẹ́fẹ́ yí padà nígbà tí mo ń sùn, tí mo jí bá agbọ̀n mẹ́rin gbodo tó tutù bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má ṣe bẹ iṣu, ẹ má sì gbé omi kaná fún un, àyàfi bí ọyẹ́ bá ti mú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣu tí a ti bọ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, tí a sì ti fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò ṣeé dá padà mọ́. Ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí a bá yọ ọ́. Nínú ọyẹ́ tó dúró dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ló máa ń fi gbẹ, èlùbọ́ rẹ̀ a sì mọ́. Èyí tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbẹ nínú ooru àti ìkùukùu máa ń dúdú, ó sì máa ń kan, àwọn oníbàárà mi ní ọjà Àràdà kì í tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tán, ẹ lu méjì mọ́ra wọn: yóò dún kànkàn bí igi.

Ọ̀rọ̀ eruku ńkọ́? Ọyẹ́ tó ń gbẹ ẹ́ náà ló ń da yanrìn sí i. Ẹ tẹ́ tàpólíìnì mímọ́ sórí àpáta, kí ẹ sì ta àwọ̀n ẹ̀fọn tí ẹ kò lò mọ́ bò ó lókè. Àwọ̀n náà yóò bá yín lé ewúrẹ́ pẹ̀lú.

Olùtọ́jú Ẹran (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè kí n tó dáhùn lórí àwọn adìyẹ. Ǹjẹ́ ìgbẹ́ wọn ní àwọ̀ ewé? Ǹjẹ́ ọrùn ọ̀kankan nínú wọn lọ́, tàbí ìyẹ́ wọn rọ? Ẹyin mélòó ni ẹ ń kó tẹ́lẹ̀, mélòó sì ni ẹ kó lánàá? Báwo ni ilé wọn ṣe rí lálẹ́? Nígbà wo ni ẹ fún wọn ní oògùn àjẹsára kẹ́yìn?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Ajé, 12:25 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, dókítà. Ìgbẹ́ wọn kò ní àwọ̀ ewé, ọrùn wọn sì gún. Ikọ́, ojú tó ń ṣomi, àti ọ̀fìnkìn ni mo rí. Ẹyin mọ́kànlélógójì ni mo ń kó. Lánàá mo kó mẹ́rìndínlógójì. Nítorí òtútù, mo fi àpò dí gbogbo ojú àwọ̀n ilé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní alẹ́, n kì í sì í ká a títí oòrùn yóò fi ràn. Ní ti àjẹsára, mo fún wọn ní La Sota, àjẹsára lùkúlùkú (àrùn Newcastle tó ń pa adìyẹ), nínú oṣù Bélú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ni ẹni tó tà á fún mi ti mú ìgò náà jáde, kì í ṣe inú fìríìjì, mo sì rò pé kò burú.

Olùtọ́jú Ẹran (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, àwọn tó ti ṣe é pọ̀. Àjẹsára tí kò bá wà ní ìwọ̀n 2 sí 8°C láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é títí dé ọwọ́ yín, omi lásán ni ẹ fún adìyẹ mu.

Ohun tí ẹ ṣàlàyé kò jọ lùkúlùkú lójú mi, ó kéré tán títí di àsìkò yìí. Ó jọ pé ilé wọn ló ń pa wọ́n lára. Bí ẹ bá dí gbogbo ojú àwọ̀n, èémí wọn àti òórùn ìgbẹ́ wọn kò ní rí ọ̀nà jáde. Òórùn tó ń ta yín lójú nígbà tí ẹ bá wọlé ní òwúrọ̀ ni wọ́n ti fà símú láti àṣálẹ́. Ẹ fi eruku ọyẹ́ kún un, ikọ́ dé nìyẹn. Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo wọn 18°C nínú ọgbà tèmi ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, mo sì wọn 35°C níbẹ̀ kan náà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Adìyẹ tí a fi àpò bò ní òwúrọ̀ tí a kò sì ká a ní kíá yóò gbóná kó tó di agogo mẹ́wàá.

Ìhà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ nìkan ni kí ẹ dí, ìyẹn ìhà Ìlọrin, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ ká a ní gbàrà tí oòrùn bá yọ. Ẹ kó àwọn mẹ́rin yẹn sọ́tọ̀, kí ẹni tó ń bọ́ wọn má ṣe ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìlera. Ẹ máa fọ ike omi ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nítorí pé eruku máa ń di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Adìyẹ kan tó ń yé máa ń mu bí ìdá kan nínú mẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru; bí omi òwúrọ̀ bá tutù jù wọn kì í mu ún tó, ẹyin yóò sì dín. Ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wọn ní òwúrọ̀, kí ẹ sì gbé ike wọn sábẹ́ òjìji ní ọ̀sán.

Ẹ má ṣe fún wọn ní àjẹsára nígbà tí wọ́n bá ń wúkọ́. Bí ikọ́ bá ti lọ, ẹ tún La Sota fún gbogbo wọn, nítorí mo ka ti oṣù Bélú yẹn sí èyí tí ẹ kò ṣe. Ẹ má fún wọn lómi fún wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó gbé e fún wọn. Omi kànga tí kò ní kẹ́míkà ni kí ẹ lò, kí ẹ po ìyẹ̀fun mílíìkì tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ mọ́ ọn, gíráàmù méjì ààbọ̀ sí lítà kan, kí ẹ sì rí i pé wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ ṣe é.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé lùkúlùkú kò ní oògùn tó ń wò ó, àsìkò yìí gan-an ló sì máa ń jà jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, láàárín oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1952 àti oṣù Èrèlé ọdún 1953 ni. Ọyẹ́ ni wọ́n wà nígbà náà pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí ọrùn tó lọ́, ẹ má tà á, ẹ má sì pa á jẹ. Ẹ pe dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ náà.

Oníkajú Ajáàwà (Ajáàwà), Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì fẹnu kan kajú, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú owó wọlé nínú oko bẹ́ẹ̀. Òjò tó bọ́ sórí òdòdó kajú kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Ọyẹ́ gbígbẹ ni òdòdó fẹ́. Bí ọ̀rinrin bá ti dúró tì í, àrùn yóò mú kí ẹ̀ka òdòdó náà dúdú kí ó sì gbẹ bí ohun tí iná rà. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. Kajú kì í tan òdòdó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi máa ń tan án, òjò ogún ìṣẹ́jú kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti kú kí afẹ́fẹ́ lè ráyè láàárín igi, kí ẹ má sì fín oògùn kòkòrò lásìkò tí oyin bá wà lórí òdòdó.

Iná ni ẹ̀rù mi. Nínú ọyẹ́, iná tí ọdẹ kan dá ní ìdajì máìlì sí oko yín lè dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó rí aṣọ wọ̀. Ṣé ẹ ti ro etí oko yín? Èmi ti jó tèmi yíká láti fi dènà.

Bàbá Ọ̀nà Ìsẹ́yìn (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Oníkajú, mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí òdòdó, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ jíjó etí oko nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Ìparí oṣù Bélú ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀, tí àwọn aládùúgbò sì dúró yíká pẹ̀lú omi àti ewé tútù lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣáná sí koríko ní báyìí kò lè sọ ibi tí iná náà yóò kú sí.

Oníkajú Ajáàwà (Ajáàwà), Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ìparí oṣù Bélú ni mo jó tèmi. N kò kọ ọ́ yékéyéké ni. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, ọkọ́ ni kí ó mú. Kí ó ro etí oko ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, kí ó sì gbá ewé gbígbẹ ibẹ̀ kúrò títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, nítorí ewé kajú tó bá wó sílẹ̀ máa ń gbà iná bí ìwé.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Odò Ọbà (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Díẹ̀ ni tèmi nítorí pé mo ti fẹ́ lọ sí àkùrọ̀. Lọ́jọ́ ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú: kí oòrùn tó yọ, àti lẹ́yìn agogo márùn-ún. Lọ́jọ́ tí ooru bá dé tí ìrì sì ń sẹ̀, mo máa ń fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, nítorí ewé tó bá sùn pẹ̀lú omi lára nínú ooru máa ń rà. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo àárín àwọn ẹ̀fọ́ náà, yóò dín iṣẹ́ omi kù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀, ṣùgbọ́n omi ò ní dúró dè mí.

Àbúrò Olóko Àwẹ́ (Àwẹ́), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ẹ má gbàgbé ewúrẹ́ méje yẹn. Koríko tí wọ́n ń jẹ nísinsìnyí kò ní oúnjẹ nínú mọ́. Àwa máa ń ge ewé àgúnmáníyè, a ó fi sílẹ̀ kó rọ di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nítorí wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀ ní tútù. A sì ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ dáadáa kún un. Ọyẹ́ dára fún sísá èèpo náà. Kí ẹ fún wọn ní àjẹsára kata, àrùn tó ń pa ewúrẹ́, bí ẹ kò bá tíì ṣe é lọ́dún yìí.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, 7:30 alẹ́

Mo ní kí n padà wá jábọ̀, kí ó má di pé mo gba ìmọ̀ràn tán mo sì sá lọ.

Ìyàwó mi ṣa gbodo náà gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti wí. Bí ìdá mẹ́ta bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, ìdá kan ni a dà nù sínú kòtò tí a sì bo erùpẹ̀ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó sì bi mí bóyá ẹni tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ iye tí a ra iṣu. Ìyókù gbẹ ní ọjọ́ méjì, ó dún kànkàn, àmàlà rẹ̀ ni mo jẹ kí n tó jókòó kọ èyí.

Mo ká àpò kúrò ní ìhà mẹ́ta nínú ilé adìyẹ. Mẹ́ta nínú àwọn tó ń wúkọ́ ti gbádùn, ọ̀kan kú ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Dókítà ìjọba ìbílẹ̀ wá wò ó, ó ní kì í ṣe lùkúlùkú, a sì sin ín jìnnà sí kànga. Ẹyin ti padà di méjìdínlógójì. Mo ra La Sota mìíràn, níbi tí wọ́n ti yọ ọ́ nínú fìríìjì níṣojú mi, mo sì gbé e sínú kúlà oníyìnyín wálé. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó fún wọn.

Ní ti èéfín, ọyẹ́ mú láti Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá títí di àná, a sì fi gbogbo ọjọ́ náà sá nǹkan, a sì ro oko. Ní òwúrọ̀ yìí, ìrì wà nínú koríko, èéfín ìyàwó mi sì kọrí sí Ìlọrin tààrà. Ó ti bẹ iṣu mẹ́wàá sílẹ̀ láti alẹ́ kí a tó wo èéfín. A jẹ mẹ́ta, a tà lára ìyókù fún onídùndú tó wà ní ìkóríta, a kò sì bọ ọ̀kankan. Abẹ́ igi kajú ni mo wà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, mo ń gbá ewé.

Bàbá Ọ̀nà Ìsẹ́yìn (Ọ̀yọ́), Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, 8:04 alẹ́

O ṣe é dáadáa, ọmọ mi. Kí ìyàwó rẹ má bínú sí wa. Ebè iṣu tí o gbìn ní oṣù Ọ̀pẹ ńkọ́? Òjò yẹn lè ti wó koríko tí o fi dé e lórí. Bí orí ebè bá ṣí sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá padà, èbù inú rẹ̀ yóò sè.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìkòyí (Ògbómọ̀ṣọ́), Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, 8:11 alẹ́

Há! N kò wò ó. Ìdájí ọ̀la ni n ó kọjá síbẹ̀, kí n tó wo èéfín.